Ta ló lu gbogbo ihò wọ̀nyí sára gìtá Hawaii tí mo rà?

Ìbéèrè: "Ẹ kú iṣẹ́ o. Ìlú Dallas ni mò ń gbé. Nígbà tí mo wà ní ilé-ẹ̀kọ́ girama, gìtá tó ń sunkún nínú orin King Sunny Adé ló gbà mí lọ́kàn, ó sì ti pẹ́ tí mo ti ń wá bí èmi náà ṣe máa kọ́ ọ. Lóṣù tó kọjá, mo ra gìtá Hawaii àtijọ́ kan níbi tí wọ́n ti ń ta ẹrù olóògbé. Dúdú ni, kò tóbi, ṣùgbọ́n ó wúwo. Okùn mẹ́fà ló ní, àwo irin funfun wà lójú rẹ̀, wọ́n sì kọ Rickenbacker sí i lórí. Ẹnìkan ti fọwọ́ kàn án. Ihò kéékèèké méjìlá wà lẹ́yìn rẹ̀, mẹ́ta-mẹ́ta lọ́nà mẹ́rin. Bọ́tìnnì mẹ́ta ló ní, ẹ̀kẹta kò jọ méjì yòókù, ó sì sún mọ́ okùn jù wọ́n lọ. Ihò tí a ń ki wáyà bọ̀ fẹ̀ ju bó ṣe yẹ lọ, wọ́n fi páànù pẹlẹbẹ bò ó kí wáyà tó lè dúró. Wọ́n kun nọ́ńbà pupa sí ọrùn rẹ̀. Èyí tó yà mí lẹ́nu jù ni irin kan bí ìdè ilẹ̀kùn tí wọ́n so mọ́ ìdí rẹ̀, ó ní ìkọ́ méjì àti sípíríǹgì. Ohùn rẹ̀ ò sì jáde dáadáa. Ẹnìkan tó mọ gìtá sọ pé kí n dí gbogbo ihò, kí n tú irin yẹn dànù, kí n dá a padà sí bó ṣe rí nígbà tó kúrò ní ilé-iṣẹ́. Kí ni kí n ṣe?"

Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ kú ìnáwó, ẹ sì kú oríire. Ẹ má tíì dí ihò kankan, ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tú irin ìdí yẹn. Iṣẹ́ ti mi ni kí n máa tú àwọn gìtá àtijọ́ wọ̀nyí palẹ̀ kí n sì máa tò wọ́n padà. Bí mo ṣe ka ìwé yín, ohun tó hàn sí mi ni pé ihò ẹsẹ̀, bọ́tìnnì kẹta àti irin ìdí kì í ṣe nǹkan mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Ẹni tó ni gìtá yìí ṣáájú yín ń wá ohùn kan, ohùn yẹn gan-an sì ni ẹ̀yin náà ń wá. Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé.

Ṣé ẹ mọ ohun tó wà lọ́wọ́ yín? Ní 1931, George Beauchamp àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Los Angeles ṣe gìtá kan tó ń fi òòfà àti wáyà gbé ohùn okùn lọ sínú anpilifáyà. Ní 1932, ilé-iṣẹ́ tí òun àti Adolph Rickenbacker jọ dá sílẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í tà á. Gìtá Hawaii ni, irú èyí tí a ń gbé lé itan, tí a ń fi irin yọ̀ lórí okùn rẹ̀. Àwọn tó ń ta gìtá lónìí sábà máa ń gbàgbé pé orí itan ni gìtá oníná ti bẹ̀rẹ̀, kì í ṣe ní ọrùn. Aluminium ni wọ́n fi ṣe àkọ́kọ́ yẹn, àwọn ènìyàn sì ń pè é ní Frying Pan nítorí bó ṣe rí. Ṣùgbọ́n aluminium máa ń fẹ̀ sí i nígbà tí iná orí ìtàgé bá gbóná mọ́ ọn, okùn á sì kúrò lójú ohùn rẹ̀. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi mú èyí tí wọ́n fi Bakelite ṣe jáde ní 1935. Bakelite ni ike líle dúdú tí wọ́n fi ń ṣe ara tẹlifóònù ayé ìgbà yẹn. Ó le, ó wúwo, ohùn rẹ̀ sì máa ń pẹ́ lẹ́nu okùn. Àléébù rẹ̀ ni pé kì í tẹ̀: tí ó bá ti kọjá agbára rẹ̀, ó máa ń sán ni.

Àwo irin dídán ni wọ́n ń fi bo ojú ti ìbẹ̀rẹ̀, ìgbà tó sún mọ́ 1940 ni funfun dé. Ti yín kò dàgbà ju ìyẹn lọ nìyẹn, àfi tí ẹnìkan bá pààrọ̀ àwo rẹ̀. Ẹ fi rúlà wọn òòfà méjèèjì tó gun orí okùn. Bí ìbú rẹ̀ bá tó íǹṣì kan àbọ̀, ìyẹn bíi mílímítà 38, ṣáájú Ogun Àgbáyé Kejì ni wọ́n ṣe é. Bí ó bá jẹ́ íǹṣì kan àti ìdá kan nínú mẹ́rin, bíi mílímítà 32, lẹ́yìn ogun ni. Àwọn ataginta fẹ́ràn ti ìṣáájú ogun jù, èmi náà wà lára wọn.

Ihò méjìlá ẹ̀yìn rẹ̀ kò ṣòroó mọ̀. Ẹsẹ̀ ni wọ́n so mọ́ ọn. Ihò mẹ́ta ló máa ń di ẹnu ẹsẹ̀ kan mú, ẹsẹ̀ mẹ́rin sì ni gìtá náà fi dúró bíi tábìlì. Ẹ fi iná tọ́ọ̀ṣì wo àyíká ihò mẹ́ta kọ̀ọ̀kan, ó ṣeé ṣe kí ẹ rí ojú roboto kan tí irin ẹnu ẹsẹ̀ náà tẹ̀ síbẹ̀. Láàárín 1940 sí 1955, àwọn ataginta tó ń ṣeré nínú gbọ̀ngàn ijó ní Texas àti California kò fẹ́ jókòó sẹ́yìn ẹgbẹ́ mọ́. Wọ́n fẹ́ dìde dúró kí wọ́n lè rí àwọn tó ń jó. Ilé-iṣẹ́ bíi Fender ń ta èyí tó ti lẹ́sẹ̀ tẹ́lẹ̀, ọrùn méjì tàbí mẹ́ta ló máa ń ní, owó gbogbo ènìyàn kò sì ká a. Ẹni tí owó rẹ̀ kò tó a máa lu gìtá tó wà nílé ní ihò. Ohun kan tún wà níbẹ̀: gìtá tó bá ti kúrò lórí itan, orúnkún àti ẹsẹ̀ ataginta ti di òmìnira, ó lè fi ẹsẹ̀ tẹ ohun tó ń gbé ohùn sókè tàbí tó ń rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀. Ẹ fi ìyẹn sọ́kàn.

Lára Bakelite, ihò pàápàá kọ́ ni ìṣòro, ìlà tó ń ti ara rẹ̀ jáde ni. Ẹ fi èékánná ra àyíká gbogbo wọn. Tí ìlà kan bá wà tí èékánná ń kọ́, ẹ má so ẹsẹ̀ mọ́ ọn láéláé. Ẹ jẹ́ kí super glue tó ṣàn bí omi wọ inú ìlà náà, kí ẹ fi í sílẹ̀ títí di ọjọ́ kejì. Tí kò bá sí ìlà, kò sí ohun tí ihò náà ń ṣe fún ohùn gìtá yín.

Ihò wáyà tó fẹ̀ jù, mo rò pé mo mọ ìdí rẹ̀. Ọ̀pọ̀ anpilifáyà àti máíkì ayé ìgbà yẹn ló máa ń lo ẹnu wáyà alálọ́, èyí tí a ń yí mọ́ra títí yóò fi di, nítorí náà kò ṣeé fà yọ tí ẹnìkan bá kọsẹ̀ lára rẹ̀ nínú òkùnkùn. Ihò tirẹ̀ máa ń sún mọ́ mílímítà 16. Ẹ wọ̀n ọ́n. Tó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀, ẹni àkọ́kọ́ fẹ̀ ẹ́ fún ẹnu wáyà alálọ́, ẹni ẹ̀yìn rẹ̀ fi páànù bò ó kí ó lè lo wáyà tí gbogbo wa ń lò lónìí. Ẹ fi páànù náà sílẹ̀.

Nọ́ńbà pupa ọrùn rẹ̀ jẹ́ ti akẹ́kọ̀ọ́, ó sì jọ pé ọ̀dà èékánná ni. Àwọn olùkọ́ gìtá Hawaii máa ń fi nọ́ńbà kọ́ ọmọ, kí ó lè mọ ibi tí yóò gbé irin lé. Ẹ má fi ohun tó lè jẹ ike nù ún. Èmi ì bá fi í sílẹ̀ títí ẹ óò fi kọ́ ibi tí ohùn wà.

Bọ́tìnnì kẹta ni mo fẹ́ kí ẹ fi sùúrù wò. Ẹ gbé ọwọ́ ọ̀tún lé okùn bí ẹni fẹ́ ta á, kí ẹ wo ibi tí ìka tó kéré jù bọ́ sí. Tí ó bá jẹ́ pé orí bọ́tìnnì yẹn ni, a ti rí i. Ataginta náà ń ta okùn nígbà tí ohùn wà nílẹ̀ pátápátá, á wá fi ìka kékeré yí i sókè lẹ́yìn tí ó ti tà á. Ìbẹ̀rẹ̀ ohùn, ibi tí ìka ti kan okùn, kò ní dún sétí rárá. Ohùn á kàn wọlé bí ẹni ń mí, á wá gbilẹ̀. Ẹkún tí ẹ gbọ́ nínú jùjú nígbà èwe yín, apá kan rẹ̀ nìyẹn. Àwọn kan máa ń so ó mọ́ ìmọ́lẹ̀ ohùn dípò agbára ohùn, kí ó lè máa ṣe "buwáà, buwáà" bí ẹni ń ya ẹnu. Láti mọ èyí tí ó jẹ́, ẹ wo bóyá kapásítọ̀, ẹ̀yà iná kékeré kan, wà lára rẹ̀. Bó bá wà, ìmọ́lẹ̀ ohùn ni.

Ibẹ̀ náà ni ẹ ti lè mọ ìgbà tí wọ́n ṣe iṣẹ́ yìí. Ẹ tú àwo irin tó bo ibẹ̀, kí ẹ wo ẹ̀yìn tàbí ẹ̀gbẹ́ bọ́tìnnì kẹta náà nínú. Ó yẹ kí nọ́ńbà kan wà tí wọ́n tẹ̀ sára irin rẹ̀. Nọ́ńbà mẹ́ta àkọ́kọ́ jẹ́ ti ilé-iṣẹ́ tó ṣe é: 137 ni CTS, 304 ni Stackpole. Ohun tó tẹ̀lé e ni ọdún, méjì tó gbẹ̀yìn ni ọ̀sẹ̀. Tí ẹ bá rí 1375612, CTS ló ṣe é ní ọ̀sẹ̀ kejìlá ọdún 1956. Nígbà mìíràn ọdún á jẹ́ nọ́ńbà ẹyọ kan, ẹ ó sì ní láti ronú bóyá 1945 ni tàbí 1955. Ọjọ́ tí wọ́n ṣe bọ́tìnnì náà nìyẹn, nítorí náà iṣẹ́ ara gìtá yín kò lè ṣáájú rẹ̀. Bí wọ́n bá fi screw olórí star di nǹkan mú lára gìtá ìṣáájú ogun, ẹ fura pé ọwọ́ ẹlòmíràn ti débẹ̀. Òjé tí wọ́n fi jó wáyà pọ̀ náà ń sọ̀rọ̀: ti ilé-iṣẹ́ kì í dán mọ́ lẹ́yìn ọdún tó pọ̀ bẹ́ẹ̀, èyí tó bá ṣì ń kọ mọ̀nà kò lè jẹ́ ti wọn.

Ó kan irin ìdí. Òun ni ọkàn gbogbo ọ̀rọ̀ yìí.

Gìtá tí ẹ gbọ́ lọ́wọ́ Demola Adepoju nínú African Beats, nígbà tí Island Records gbé orin King Sunny Adé lọ sí òkè òkun ní 1982, kì í ṣe gìtá orí itan lásán. Pedal steel ni. Ó ní ẹsẹ̀, ó ní pẹ́dàlì nísàlẹ̀, ó sì ní irin tí orúnkún ń tì. Tí ataginta bá tẹ pẹ́dàlì kan, okùn kan tàbí méjì á gòkè nígbà tí àwọn yòókù dúró síbi tí wọ́n wà. Irin ọwọ́ nìkan kò lè ṣe ìyẹn, nítorí pé tí irin bá sún, gbogbo okùn tó wà lábẹ́ rẹ̀ ló ń gòkè pọ̀.

Gibson ti ń ta gìtá oníipẹ́dàlì kan tí wọ́n pè ní Electraharp kí ogun tó wọ Amẹ́ríkà. Ní 1948, Paul Bigsby ṣe ọ̀kan fún Speedy West ní California. Ṣùgbọ́n láti kúrò nínú ọ̀nà kan tí a to okùn bọ́ sínú òmíràn ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ń lo pẹ́dàlì fún nígbà náà, wọn kì í jẹ́ kí àwùjọ gbọ́ bí okùn ṣe ń rìn. Bud Isaacs ló yí i padà. Nínú orin "Slowly" tí Webb Pierce kọ, èyí tó gba orílẹ̀-èdè náà kan ní 1954, ó tẹ pẹ́dàlì nígbà tí okùn ṣì ń dún, gbogbo ayé sì gbọ́ bí ohùn kan ṣe ń gòkè láàárín àwọn ohùn tó dúró. Láti ọjọ́ náà ni kò ti sí ataginta Hawaii kan ní Nashville tàbí Texas tí kò fẹ́ kí tirẹ̀ máa ṣe bẹ́ẹ̀. Iṣẹ́ ọwọ́ Bigsby nìkan kò lè kárí wọn, ó sì wọ́n. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fi ohun tó wà nílé ṣe é: ìdè ilẹ̀kùn, irin bíréèkì kẹ̀kẹ́, wáyà, sípíríǹgì. Irin ìdí gìtá yín wá láti inú ìfẹ́ yẹn, tí nọ́ńbà bọ́tìnnì kẹta kò bá sọ ohun mìíràn, ẹ̀yìn 1954 ni màá fi í sí.

Ẹni tó ṣe ti yín kì í ṣe aláìmọ̀kan. Ìkọ́ méjì ló lò, kò lo ẹyọ kan. Ẹ jẹ́ kí n fi sol-fa ṣàlàyé, nítorí ó dá mi lójú pé ẹ kọ́ ọ nínú ẹgbẹ́ akọrin. Ọ̀kan lára ọ̀nà tó wọ́pọ̀ jù láti to okùn mẹ́fà gìtá Hawaii, láti orí èyí tó tẹ́ẹ́rẹ́ jù wá sí èyí tó nípọn jù, ni: sò, mì, dò, sò, mì, dò. Gbogbo rẹ̀ jẹ́ kọ́ọ̀dù kan ṣoṣo. Tí ìkọ́ kan bá fa okùn kìíní láti sò lọ sí là, tí èkejì sì fa okùn kejì láti mì lọ sí fà, kí ni ó kù lórí okùn mẹ́ta àkọ́kọ́? Dò, fà, là. Ẹ ti kúrò ní kọ́ọ̀dù kìíní, ẹ ti dé kọ́ọ̀dù kẹrin, láìjẹ́ pé irin ọwọ́ òsì yín sún rárá. Ẹnikẹ́ni tó bá mọ jùjú mọ iye ìgbà tí orin ń lọ tó ń bọ̀ láàárín méjèèjì yẹn. Láti sò dé là jìnnà, láti mì dé fà kò tó bẹ́ẹ̀, nítorí náà ìkọ́ okùn kìíní gbọ́dọ̀ rìn jìnnà ju ti kejì lọ. Ẹ wo ti yín. Tí ìkọ́ méjèèjì kò bá jìnnà bákan náà sí ibi ìdè, tàbí tí ọ̀kan bá ní àlàfo tó fẹ̀ kí ó tó kan okùn, ohun tí mo sọ yìí ni ó fẹ́ ṣe. Fífi sùúrù wọn irú àlàfo bẹ́ẹ̀ láìsí ìwé tàbí olùkọ́ wú mi lórí púpọ̀.

Mo mọ ohun tí ẹni tó gbà yín nímọ̀ràn ń rò. Owó ni. Òótọ́ ni pé gìtá àtijọ́ tí ẹnikẹ́ni kò fọwọ́ kàn máa ń gbówó lórí lọ́jà, ṣùgbọ́n dídí ihò kò ní sọ ti yín di ọ̀kan lára wọn. Ẹni tó bá mọ Bakelite yóò rí ibi tí ẹ dí. Ihò tí a dí tún ń mú kí olùrà máa bẹ̀rù ohun mìíràn tí ẹ lè fi pamọ́. Ẹ̀yin náà kò sì sọ pé títà lẹ fẹ́ tà á. Sneaky Pete Kleinow, ọ̀kan lára àwọn tí wọ́n bọ̀wọ̀ fún jù nídìí pedal steel, Fender 400 olókùn mẹ́jọ tí ó ti tún ṣe lọ́pọ̀ ọ̀nà ló ń lò. Kò sí ẹni tó gbọ́ ohùn rẹ̀ tó ní kí ó dá a padà sí bí ilé-iṣẹ́ ṣe ṣe é.

Ohùn tí kò jáde dáadáa nìkan ni mo fẹ́ kí ẹ tún ṣe kíákíá, mo sì ní ibi kan tí mo fura sí. Òòfà méjì ló wà lára pickup yín, ìyẹn ohun tó ń gbé ohùn okùn, ọ̀kan níwájú, ọ̀kan lẹ́yìn, wọ́n yí okùn ká. Apá òkè àwọn méjèèjì gbọ́dọ̀ jẹ́ ojú kan náà, kí agbára wọn lè gba àárín okùn kọjá lọ sísàlẹ̀. Bí ẹnìkan bá tú wọn tó sì dá ọ̀kan padà ní ìdàkejì, agbára á máa yí lọ láti inú òòfà kan sínú èkejì, díẹ̀ ló máa kan okùn. Ojú kò lè rí i, nítorí gìtá náà á ṣì jọ èyí tó pé. Ìdánwò rẹ̀ rọrùn: tí wọ́n bá tò wọ́n dáadáa, òòfà méjèèjì á máa ti ara wọn sẹ́yìn níbi tí wọ́n ti kojú síra. Tí wọ́n bá ń fa ara wọn mọ́ra, ẹnìkan ti ṣi wọ́n tò. Tí ẹ bá máa yọ wọ́n, ẹ fi irin pẹlẹbẹ kan dí ẹnu òòfà kọ̀ọ̀kan ní kété tó bá ti jáde, kí agbára rẹ̀ má bàa máa dínkù. Wáyà tó yí pickup náà ká kò nípọn ju irun lọ, ẹ má jẹ́ kí ohun mímú kankan sún mọ́ ọn. Bí ọwọ́ yín kò bá dá yín lójú, ẹ gbé e lọ fún ẹni tó ti ṣe irú rẹ̀ rí. Tí wọ́n bá tò wọ́n dáadáa tí ohùn ṣì kéré, òòfà náà ló ti rẹ̀, àwọn kan wà ní Amẹ́ríkà tó ń fún un ní agbára padà.

Ẹ má fi gìtá yìí sínú mọ́tò nígbà ẹ̀ẹ̀rùn Texas.

Ẹ wá gbọ́ bí ẹ óò ṣe jí irin ìdí náà. Ẹ pààrọ̀ okùn mẹ́fẹ̀ẹ̀fà. Ẹ kán epo ẹ̀rọ ìránṣọ díẹ̀ sí ibi ìdè, kí ẹ wo sípíríǹgì bóyá ìpẹtà ti jẹ ẹ́. Tó bá ti jẹ ẹ́, ẹ ra tuntun tó gùn bákan náà, kí ẹ fi ti àtijọ́ pa mọ́ sínú àpò kékeré pẹ̀lú ìwé tó sọ ibi tí ẹ ti yọ ọ́. Ẹ to okùn nígbà tí irin náà wà nísinmi. Ẹ wá tẹ̀ ẹ́ délẹ̀. Tí okùn kejì bá kọjá fà, ẹ dín ibi tí screw ìdádúró rẹ̀ ń jẹ́ kí ó dé. Tí okùn kìíní kò bá dé là, ẹ fún un ní àyè sí i. Lẹ́yìn tí ẹ bá ti ṣe èyí tán, ẹ tún okùn tò nígbà tí irin wà nísinmi, nítorí yóò ti yẹ̀ díẹ̀, kí ẹ tún tẹ̀ ẹ́ wò. Ó lè gbà yín ní àkókò, ṣùgbọ́n á dúró. Bí okùn kìíní bá ń já lójú kan náà nígbà gbogbo, bridge, ìyẹn ibi tí okùn gùn lé ní ìdí gìtá, ti gé ojú sí i: ẹ fi sáńpépà tó kúnná jù fọ ojú ibẹ̀ títí tí kò ní kọ́ èékánná mọ́, kí ẹ fi pẹ́ńsùlù kun ún, kí ẹ tó so òmíràn.